Dọ́fìnì Tí A Fi Ya Fọ́tò

Nígbà tí pírínsípà fa aṣọ tí wọ́n fi bo bánà náà kúrò, gbogbo ilé-ìwé hó yèè. Àwọn ọmọ kékeré tó wà níwájú ń fò sókè kí wọ́n lè rí i dáadáa. Bánà ọ̀hún ga, ó sì fẹ̀. Ara ògiri tó kọjú sí ẹnubodè ni wọ́n so ó mọ́, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìwó kọjá yóò ti máa rí i. Lẹ́tà gàdàgbà-gadagba ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé: ÌRÌN-ÀJÒ Ẹ̀KỌ́ WA SÍ ETÍ ÒKUN.

Ẹranko omi kan nà gbalaja sórí iyanrìn láàárín fọ́tò náà, awọ rẹ̀ ń dán, ó dà bí eérú tí omi ti rin. Najeem, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ SS2, gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni gun ọ̀kadà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlá yòókù yí i ká. Ẹni tó sún mọ́ orí ẹranko náà jù lọ ni ọmọbìnrin kan tó gbé ọwọ́ lé e, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn.

Qàwíyyàt ni ọmọbìnrin náà.

Ó wà lórí ìlà àwọn SS2, ó ń wo ojú ara rẹ̀ lára ògiri.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!" ni pírínsípà, Ìyáàfin Ọ̀ṣunmọ́lá, wí. "Ilé-ìwé wo ní gbogbo agbègbè yìí ló tíì kó ọmọ dé etí òkun?"

Àtẹ́wọ́ ṣì ń dún nígbà tí Qàwíyyàt kúrò lórí ìlà. Kò sáré. Ó rìn lọ síbi ògiri, ó di etí bánà náà mú, ó fi gbogbo agbára fà á. Okùn kan já. Ó tún fà á. Bánà ya fàà láti orí Najeem títí dé ìsàlẹ̀.

Ó yíjú sí wọn.

"Ó kú!" ni Qàwíyyàt pariwo. "Ẹ ò tiẹ̀ béèrè! Ẹran tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún yìí ti kú, àwa la pa á!"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Sassandra, ìlú etí òkun kan ní orílẹ̀-èdè Kọdifuá (Ivory Coast), ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀, ọmọ Ẹ̀jìgbò, ti ń ta àwọ̀n àti okùn fún àwọn apẹja. Nígbà tí bàbá náà kú, ìyá rẹ̀, Sàídátù, mú un wá sílé sí Ẹ̀jìgbò. Ó ti tó ọdún kan tó ti wà nílé-ìwé yìí, ọdún kan náà ni wọ́n sì ti ń sín in jẹ. Bó bá la ẹnu, tí ohùn Faransé bá yọ díẹ̀ nínú Yorùbá rẹ̀, ẹ̀rín ni. Najeem ló sọ ọ́ ní "Tantí Kọdifuá", nítorí tantí ni wọ́n ń pe àǹtí lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ń ya fọ́tò, kò sí ẹni tí í pè é.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Ọ̀gbẹ́ni Fátóbi, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní báọ́lọ́jì, kó wọn lọ sí Àgbádárìgì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sétí òkun, wọ́n sì bá ẹranko náà níbi tí ìgbì ti gbé e jù sórí iyanrìn.

"Ẹja! Ẹja ńlá!" ni gbogbo wọn ń pariwo.

"Kì í ṣe ẹja," ni Qàwíyyàt wí. Ó ti dá a mọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Dọ́fìnì ni. Ẹ wo ihò orí ẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ló fi ń mí. Ẹ gbọ́."

Wọ́n gbọ́ ọ: fúù, bí ẹni tó sọ ẹrù wúwo kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni dọ́fìnì ń mí bíi tiwa. Ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ní Sassandra, Qàwíyyàt dúró ti bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn apẹja Fàǹtí, àwọn ará Gánà, dá ọ̀kan padà sómi. Wọ́n fi aṣọ tútù bo ẹ̀yìn rẹ̀, wọn ò jẹ́ kí aṣọ náà kan ihò tó fi ń mí. Wọ́n gbẹ́ iyanrìn abẹ́ rẹ̀ kí omi lè dé ibẹ̀, wọ́n lé èrò sẹ́yìn, wọ́n sì dúró títí òkun fi kún. Kò sí ẹni tó fà á nírù.

"Ẹ má fà á nírù," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká wá aṣọ, ká rẹ ẹ́ sómi..."

"Oui, madame!" ni Najeem dáhùn ní Faransé, ó yí ohùn padà bí ohùn Qàwíyyàt. "Ẹ wá wò ó! Tantí Kọdifuá fẹ́ wẹ̀ fún ẹja!"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta di ìrù ẹranko náà mú, wọ́n ń wọ́ ọ gòkè kí ìgbì má baà ba fọ́tò jẹ́. Najeem gùn ún. Iyanrìn ń dà sí ihò orí rẹ̀. Qàwíyyàt yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Fátóbi, ṣùgbọ́n tíṣà náà ti gbé fóònù sókè, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sún mọ́ra.

"Qàwíyyàt, wá jàre," ni Ooreọ̀fẹ́, tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, pè é. "Wá dúró níwájú. Ṣebí ìwọ lo mọ orúkọ ẹ̀."

Wọ́n pè é. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan, wọ́n pè é. Ó mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá tún sọ̀rọ̀, ẹ̀rín yẹn yóò tún sọ. Ó lọ síwájú. Ó gbé ọwọ́ lé orí dọ́fìnì náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ya fọ́tò fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n fi ṣe tán, ẹranko náà kò mí mọ́. Wàrà funfun díẹ̀ ń sun nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbì, lẹbẹ kékeré kan, lẹbẹ ọmọ rẹ̀, ń yọ, ó ń rì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Qàwíyyàt nìkan ló rí i, kò sì wí nǹkan kan. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n pín búrẹ́dì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Pírínsípà kò béèrè ẹ̀. Ó ní kí Qàwíyyàt kúnlẹ̀ níwájú ọ́fíìsì títí di àkókò ìsinmi, kí ó sì mú ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì.

Sàídátù ń se atiéké, gàrí oníhóro tí àwọn ará Kọdifuá máa ń fi ooru omi sè, nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé tó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bo ìkòkò.

"Ta lo ń bínú sí?"

"Najeem! Tíṣà wa! Gbogbo wọn, Màmá! Wọ́n pa á, wọ́n tún gbé e kọ́ ara ògiri!"

"Ìwọ ńkọ́?"

Qàwíyyàt bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ bàtà rẹ̀.

"Mo ti rí fọ́tò yẹn lórí fóònù ìyá Ooreọ̀fẹ́," ni Sàídátù wí, ohùn òun náà ti ń le. "O rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Gbọ́ mi dáadáa. Najeem ò mọ̀. Ìwọ mọ̀! Ìṣojú bàbá ẹ lo ti kọ́ ọ. O dákẹ́ kí wọ́n lè gba tìẹ. Lónìí, o lọ ya bánà kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ nínú ẹ̀. Ṣé ìbínú nìyẹn? Ò ń sá pamọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ìkúnlẹ̀ níwájú ọ́fíìsì lọ. Ó fẹ́ jiyàn. Ẹkún ló bú sí, ẹkún ìbínú, ó ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ọmọdé.

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Lọ sọ tìẹ kọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó o wá bínú bó o ṣe fẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ jọ lọ sí ọ́fíìsì, ó sì kúnlẹ̀ níwájú pírínsípà. "Ẹ forí jì mí, mà. Kò yẹ kí n fa bánà ilé-ìwé ya. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀."

"Kó o tún wá dójú tì wá? Rárá o."

Ọ̀gbẹ́ni Fátóbi, tí wọ́n ti pè wá síbẹ̀, ló dìde. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, mà. Èmi ni mo ya fọ́tò náà. Ọdọọdún ni mò ń kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù pé dọ́fìnì ń mí, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìgbà tí mo wá fojú kàn án, fóònù mi ni mò ń wò."

Pírínsípà fún Qàwíyyàt ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láti máa ro koríko ẹ̀yìn kíláàsì.

Níwájú gbogbo ilé-ìwé, Qàwíyyàt kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ṣáájú ara rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, òun sì dákẹ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń dá dọ́fìnì padà sómi. Ó ní àbùùbùtán àti dọ́fìnì ń dínkù lójoojúmọ́, àwọ̀n ń pa wọ́n, ìdọ̀tí ń pa wọ́n, àwa náà ń fi ìyókù ṣeré. Ó sọ nípa wàrà náà. Ó sọ nípa lẹbẹ kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀.

"Nítorí ẹja lo ṣe fẹ́ sọ wá di ìkà!" ni Najeem pariwo láti ẹ̀yìn.

"Kì í ṣe ẹja! Ìgbà mélòó ni kí n sọ ọ́?"

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ooreọ̀fẹ́ kó ìwé rẹ̀ lọ jókòó síbòmíràn. Kò sí ẹni tó pè é ní Tantí mọ́, nítorí kò sí ẹni tó pè é rárá. Ó dùn ún gan-an, kò sì purọ́ pé kò dun òun. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ JSS mẹ́fà wá bá Ọ̀gbẹ́ni Fátóbi pé àwọn fẹ́ mọ̀ sí i. Bí àwọn àti Qàwíyyàt ṣe bẹ̀rẹ̀ sí lọ sọ ọ̀rọ̀ náà káàkiri àwọn ìlú tó wà nítòsí nìyẹn, Másífà, Ọlá, láti ilé-ìwé kan sí èkejì.

Ní ìlú Ara, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ifáṣọlá dìde. "Òkun dà níbí? Iṣu la ń gbìn. Kí ló kàn wá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Qàwíyyàt gbóná. "Ilé wo ní gbogbo agbègbè wa ni kò ní ẹnì kan ní etí òkun? Ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n ní Kùtọ́nù, ní Àbíjàn, ní San-Pédro? Àwọn ta ló ń ta àwọ̀n níbẹ̀? Àwọn wa ni!"

Ọmọbìnrin kan, Rùkàyyàt, rọra na ọwọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun, Ádámù, wà nínú ọkọ̀ apẹja ní San-Pédro. Ó fi fídíò dọ́fìnì kan tí wọ́n pa ránṣẹ́ sílé. Gbogbo ilé ló wò ó, tí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gbẹ́ni Fátóbi gbé fóònù sílẹ̀ fún wọn, wọ́n pe Ádámù, gbogbo kíláàsì ń gbọ́.

"Ó kó sínú àwọ̀n wa, a pa á," ni Ádámù wí. "Ẹ̀yin kì í jẹran ní Ara ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá," ni Qàwíyyàt wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù lọ́wọ́. "Ṣé ó ń mí nígbà tí ẹ gbé e sókè?"

"Ó ń mí."

"Ẹ ò sì yọ ọ́?"

"Gbogbo ọkọ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ta lèmi tí màá sọ pé rárá?"

Èébú tó wà lẹ́nu Qàwíyyàt kò jáde mọ́. "Ohun tí èmi náà rò nìyẹn," ni ó wí, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ẹ̀rín tirẹ̀ pamọ́.

Wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, Ádámù béèrè pé, "Bí òmíràn bá tún kó sí i, báwo la ṣe ń ṣe é?"

"Ẹ gbé orí ẹ̀ sókè omi kó lè mí. Ibi tí àwọ̀n ti há mọ́ ọn nìkan ni kí ẹ gé. Ẹ má fà á nírù."

"Tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn sọ."

"Ẹ má fà á nírù!" Gbogbo kíláàsì ló bá a wí i, títí kan Ifáṣọlá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyí. Ẹni tó mọ ohun tó tọ́, tó wá gbé e mì kí ẹgbẹ́ lè fẹ́ràn rẹ̀, ó ti lọ́wọ́ nínú ìkà tí ẹgbẹ́ ń ṣe. Àwọn ẹran òkun tó ń mí bíi tiwa kò lè sọ̀rọ̀ fún ara wọn, a sì ń pa wọ́n tán. Ẹ bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbínú náà láti ọ̀dọ̀ ara yín, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹran náà ṣì ń mí.