Ìdánwò Mẹ́ta Kí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tó Wọlé

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo?" Ọ̀gbẹ́ni Teske yọ awò ojú rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ gbé odindi màlúù mì ni?"

Loralee Vondra rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ní ìlú kékeré kan tí oko àgbàdo yí ká ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ṣe ìyá rẹ̀ léṣe lọ́wọ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pẹran, agbára owó wọn kò ju sáà mẹ́ta lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bẹ́ẹ̀ sáà mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ ìmọ̀ okòwò. Ọ̀nà kan ló kù. Àwọn ìdánwò kan wà tó jẹ́ pé, ẹni tó bá yege nínú wọn, kọ́lẹ́ẹ̀jì á gbà pé ó ti mọ iṣẹ́ tí ìdánwò náà dá lé, kò ní í jókòó kọ́ ọ mọ́. Bí Loralee bá fi ìdánwò mú iṣẹ́ mẹ́ta kúrò, sáà mẹ́ta á tó o.

Ọ̀gbẹ́ni Teske mọ ọ̀nà náà dáadáa. Nígbà tó wà ní sójà, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ló fi gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ní báyìí tó ti fẹ̀yìn tì, ilé ìkàwé ìlú ló ń wá lójoojúmọ́, tó ń ran àwọn ọmọ lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

"Gbọ́," ó ní, "ọmọ ìyá ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìṣàkóso iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, òun ni kí o kọ́kọ́ kí. Ohun tí o bá kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wàá tún bá púpọ̀ nínú rẹ̀ pàdé nínú ọjà títà. Òfin okòwò ló le jù, òun ni kó kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí o tó ṣí ìwé, kọ́kọ́ dán ara ẹ wò, kí o lè mọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ibẹ̀ ni kí o kà jù."

Loralee tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, ti ìṣàkóso iṣẹ́, máàkì mọ́kànlélọ́gọ́ta ló gbà, bẹ́ẹ̀ àádọ́ta ni wọ́n ń fẹ́. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kan po ìyẹ̀fun lọ́jọ́ náà, ó di ẹran àti kábéèjì sínú búrẹ́dì fún un. "Jẹun, ọmọ mi," ó ní. "Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ọwọ́ ń dùn mí."

Àṣeyọrí yẹn gan-an ló jẹ́ kó sinmẹ̀dọ̀. Oòrùn oṣù Keje mú, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ lúwẹ̀ẹ́ lódò. Tawnya, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, kò jẹ́ kó gbádùn.

"Ìwé, ìwé, ìwé! Ṣé ìwé lo fẹ́ fẹ́ ni?" Tawnya na fóònù sí i. "Wò ó. Àwọn tó ṣe ti ọjà títà lóṣù tó kọjá ló há ìbéèrè sórí, ìdáhùn ló wà níbí. Ọjọ́ méjì lo máa fi kà á."

"Tawnya, ṣé olè kọ́ nìyẹn?"

"Olè kẹ̀? Ta lo jí nǹkan ẹ̀? Ó yá, bọ́ sọ́kọ̀, omi ń dúró."

Loralee mọ̀ pé kò dáa. Síbẹ̀ ó gbà á, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè tó rí lọ́jọ́ ìdánwò, méjì péré ló jọ ohun tó há sórí. Nígbà tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, mẹ́rìndínláàádọ́ta ló yọ lójú ẹ̀rọ. Òfin wọn sì ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi kò gbọdọ̀ tún un ṣe àfi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò yọjú sílé ìkàwé. Lọ́jọ́ kẹrin, ó lọ dúró níwájú Ọ̀gbẹ́ni Teske, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, kò fi Tawnya ṣe àwáwí.

Bàbá náà pa ìwé tó ń kà dé. "Ṣé o ti parí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ohun tí o ṣe kò dáa, o sì mọ̀, n kò ní í tún un sọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Wẹ̀yìn wò lónìí, kí o lè dàgbà. Ó yá, jókòó. Òfin okòwò ń retí wa."

Bàbá náà fa àga kan fún un. Omijé bọ́ lójú Loralee. Ó jókòó.

Ó yege nínú òfin okòwò lóṣù Kẹjọ. Àmọ́ ìyà ọ̀nà àbùjá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n fẹ́ mú un sínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó ti ń lálàá rẹ̀ láti kékeré, ó ní kí wọ́n má bínú, nítorí ìwé ọjà títà ló ń kà láàárọ̀ kùtù kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Lóṣù Kẹwàá, ó tún ìdánwò náà ṣe, ó gba mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ lóṣù Kọkànlá, àjọ̀dún tí ìdílé fi ń jẹun pọ̀, ìyá rẹ̀ ní àfi kí Ọ̀gbẹ́ni Teske wá bá wọn jẹ tòlótòló. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, oníkálukú sọ ohun tó ń dúpẹ́ fún kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Nígbà tó kan Loralee, ó kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Teske.

"Mo dúpẹ́ pé mo yege," ó ní. "Ṣùgbọ́n èyí tí mo dúpẹ́ fún jù ni ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́. Ọ̀gá, ẹ̀ bá ti lé mi. Ẹ fa àga fún mi ni."

Ọ̀gbẹ́ni Teske húkọ́ díẹ̀, ó ń fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú. "Ata yìí mà ta o," ó ní, bẹ́ẹ̀ kò sí ata lórí tábìlì rárá.

Ètò tó dáa kì í mú èèyàn dé ibi tó ń lọ bí kò bá fi òótọ́ rìn ín. Ọ̀dọ́ tó bá sì kọsẹ̀, kó tètè sọ fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, kó dìde, kó sì má gbàgbé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó nawọ́ sí i.