Ta Ló Pe Àkíbù Lórúkọ?

Ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, lọ́dún 1989, Kúbúrá sunkún láti Mẹ́kà, ẹkún náà sì já sétí ọkọ rẹ̀ ní Beyerúnkà. Ó ní àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Ó ní wọn kò ní í tú òun sílẹ̀ bí ará ilé òun kò bá tètè wá nǹkan ṣe. Sàídì, ọkọ rẹ̀, tí í ṣe télọ̀ ní Ọjà'ba, gbá tẹlifóònù mọ́ etí. Ìyá rẹ̀, Kúlúsúmù, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fa tẹ̀súbáà. Àkíbù, àbúrò Sàídì tó ń wa takisí, já tẹlifóònù gbà, ó fetí sí i díẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ohùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń ṣe ṣààà bí òjò orí páánù. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Ẹni tó ni tẹlifóònù yìí ń jẹ́ Adégòkè, ṣùgbọ́n Injiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kóòtù funfun ló máa ń wọ̀, bíróò mẹ́fà á sì tò sápò àyà rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣí ilé ìwé. Kò tíì ju oṣù méjì tó gba yàrá ní Beyerúnkà. Ẹ má gbàgbé bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ẹni tó bá wà lókè òkun tó fẹ́ gbọ́ ohùn ará ilé, á tò sórí ìlà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta á sì jẹ owó tí ìbá fi ra wúrà bọ̀ wálé. Ibẹ̀ ni Injiníà ti rí ọ̀nà jẹun. Ó gbé Káàdì Ohùn jáde. Ó ní kí arìnrìn-àjò san owó táṣẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan n'Ìbàdàn níbí, kó mú káàdì dání, kó fi han ẹni tó ń ṣọ́ tẹlifóònù lọ́hùn-ún, kó máa bá ará ilé sọ̀rọ̀ ní gbogbo Jímọ̀ títí yóò fi darí dé.

Káàdì náà dára lójú. Wọ́n fi bébà wúrà bò ó níwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ páálí lásán, wọ́n kọ nọ́ńbà 42 sí i gàdàgbà. Injiníà ní àṣírí sátẹ́láìtì ni nọ́ńbà yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é sókè. Ogún èèyàn ló rà á kí àwọn onímẹ́kà tó gbéra, láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú dé Pópó Yemọja. Kúbúrá wà lára wọn. Fọ́ọ̀mù kan wà tí oníbàárà máa ń kọ, orúkọ gbogbo ará ilé tí yóò máa wá gbọ́ ohùn ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Sàídì ló bá Kúbúrá kọ ọ́.

Òfin Injiníà kò pọ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, ẹ má sì bi ẹni tó wà lọ́hùn-ún ní ìbéèrè. "Sátẹ́láìtì kò fẹ́ràn ìbéèrè," ló máa ń wí.

Nígbà tí ẹkún Kúbúrá dákẹ́ ní Jímọ̀ yẹn, Injiníà yọ gíláàsì, ó nu omijé tí kò sí lójú rẹ̀. Ó ní òun kò lè gba owó lọ́wọ́ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ wà lórí àìsàn, ó lòdì sí ẹ̀rí ọkàn òun. Ṣebí Sàídì ní máṣíìnì ìránṣọ méjì? Kó gbé wọn wá. Òun mọ Lárúbáwá kan tí yóò gbà wọ́n, ilẹ̀ kò ní í ṣú tán tí ọsibítù yóò fi rí tiwọn gbà. Ojú ẹsẹ̀ ni Sàídì lọ gbé ọ̀kan wá. Ó ṣèlérí èkejì fún ọjọ́ Ajé, nítorí aṣọ ìyàwó kan wà lórí rẹ̀ tí kò tíì parí. Máṣíìnì méjì yẹn ló ń bọ́ ìyá rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Bí èkejì bá lọ, ó di kó máa fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ lẹ aṣọ fún àwọn ọmọ iléèwé.

Wọ́n délé ní Pópó Yemọja kí oòrùn tó wọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹun. Kúlúsúmù ní kí Àkíbù ro ohun tó gbọ́ fún òun, nítorí tẹlifóònù kò dé ọ̀dọ̀ òun kí ìṣẹ́jú tó pé.

"Ó ní, 'Àkíbù, ẹ má jẹ́ kí n kú sílùú onílùú,'" ni Àkíbù wí.

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ ìyá.

"Tún un sọ."

"Ó ní, 'Àkíbù, ẹ má jẹ́ kí n kú...'"

"Ó pè ọ́ ní kí ni?"

"Àkíbù ni, Màmá. Ṣé kì í ṣe orúkọ mi ni?"

Orúkọ rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí í ti ẹnu Kúbúrá jáde kọ́. Àkíbù kéré sí i lọ́jọ́ orí, àmọ́ ó bá a nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá tí obìnrin yìí ti wọ ilé wọn, Eyínfúnjowó ló ń pe Àkíbù, nítorí eyín rẹ̀ tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Àkíbù mìíràn wà lójú títì tó ń ta súyà; Kúbúrá kò pe ìyẹn náà lórúkọ rí, "onísúyà tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi" ló máa ń wí. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí Sàídì fi bá a kọ fọ́ọ̀mù. Nígbà tí Injiníà béèrè orúkọ ará ilé, Kúbúrá bo ẹnu, ó ní kí wọ́n bi ọkọ òun, òun kò ní í fi ẹnu òun ṣe nǹkan tí wọn kò ṣe ní ilé bàbá òun.

Sàídì ní àìsàn ni, orí aláìsàn lè dàrú. Ìyá rẹ̀ yí padà sí i.

"Nígbà tó ń rọbí Múrí, ta ló ké pè kó gbé ọkọ̀ wá?"

Sàídì họ orí. "Ó ní Eyínfúnjowó ẹ má jẹ́ kí n kú."

"O ṣé. Ẹni tí ọmọ ń ta nínú kò gbàgbé ilé ọkọ. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ lónìí kì í ṣe ìyàwó mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì dẹ́rù bani. Bí kì í bá ṣe Kúbúrá, Kúbúrá gan-an dà? Ohun tó gbé ìyá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní kùtù ọjọ́ kejì nìyẹn, kì í ṣe máṣíìnì.

Sájẹ́ǹtì Ọlábọ̀wálé gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó rẹ́rìn-ín títí ìgbànú rẹ̀ fi yọ. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣọlọ́pàá, òun kò tíì mú ẹnikẹ́ni torí pé wọ́n pe Àkíbù ní Àkíbù. Kúlúsúmù kò bínú. Ó bi Sájẹ́ǹtì léèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó ní Gbajúmọ̀ ló ń pè é.

"Bó bá pè é lórúkọ lọ́la ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Sájẹ́ǹtì. Ó dìde, ó dé fìlà ọlọ́pàá rẹ̀, ó tún ṣí i, ó ní kí wọ́n jókòó.

Ní ọjọ́ Ajé, takisí Àkíbù gúnlẹ̀ níwájú ilé Injiníà. Àkíbù dúró sínú ọkọ̀. Kúlúsúmù àti Sàídì wọlé, alábàárù kan tẹ̀ lé wọn nínú dàńṣíkí gbígbó, ó ru máṣíìnì kejì sórí, irin rẹ̀, igi rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ ti mọ alábàárù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọgbọ́n yẹn, kò sì tíì rin ọ̀nà tó tó ogún ẹsẹ̀ tó fi kábàámọ̀.

Kúlúsúmù ní òun kò ní í jẹ́ kí wọ́n sọ máṣíìnì kalẹ̀ àfi bí òun bá gbọ́ ohùn ìyàwó òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Injiníà ní òní kì í ṣe Jímọ̀. Ó tún wo máṣíìnì, itọ́ dá lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí òun fi ọwọ́ jí sátẹ́láìtì ná. Ó kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, kò pẹ́, tẹlifóònù dún.

"Kúbúrá ọmọ mi, ara ńkọ́?" ni ìyá wí.

Ohùn náà bú sẹ́kún. Ó ní ó kù díẹ̀ káàtó.

"Pẹ̀lẹ́. Ọkọ rẹ kékeré ń sunkún níta. Pè é ní orúkọ tí o fi ń pè é, kára rẹ̀ lè balẹ̀."

"Àkíbù, ẹ má sunkún mọ́."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Orúkọ tí o fi ń pè é nílé ni mo wí."

Ṣààà. Ìwé kan dún bí ẹni pé wọ́n ń yí i wò níwá lẹ́yìn. Ohùn ní láìnì kò dáa. Kúlúsúmù gbé tẹlifóònù kúrò létí pátápátá, ó nà án síwájú, síbẹ̀ ó ṣì ń gbọ́ ọ ketekete láti ẹ̀yìn ògiri: "Màmá, láìnì ò dáa o." Ìyá àgbà yìí, tí kò rẹ́rìn-ín láti Jímọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Sàídì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Ó bá obìnrin kan lórí àpótí, ó da korobá borí kí ohùn rẹ̀ lè jìnnà, rédíò tí kò mú ibùdó kankan ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fọ́ọ̀mù tí Sàídì kọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wọlé, ó ṣì ń pe Màmá. Sàídì ṣí korobá náà jẹ́jẹ́.

"Ọsibítù Mẹ́kà yìí mà kéré o," ló wí fún un.

Ní yàrá iwájú, Ọlábọ̀wálé alábàárù wa ti sọ orúkọ rẹ̀ àti ipò rẹ̀, ó ní kí Injiníà má mira. Àṣìṣe kan ló ṣe. Máṣíìnì ṣì wà lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa sọ̀ ọ́. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Kúlúsúmù, Sàídì sì wà nínú ọsibítù ẹ̀yìn ògiri. Injiníà rí i bẹ́ẹ̀, ó ki tẹlifóònù mọ́lẹ̀ kó má bàa di ẹ̀rí, ó fà á já, ó fò jáde. Sájẹ́ǹtì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú máṣíìnì lórí.

Ará Ìbàdàn, ẹ bá mi wò ó. Injiníà ń sá bọ̀ láti Beyerúnkà sí Bẹ́ẹ̀rẹ̀, wáyà tẹlifóònù ń wọ́ tuuru lẹ́yìn rẹ̀. Alábàárù ń lé e, kẹ̀kẹ́ máṣíìnì ń yí fúnra rẹ̀. Gbogbo èèyàn gbà pé ó jẹ alábàárù lówó iṣẹ́ ni, ni wọ́n bá ń kígbe pé kó sanwó fún ọmọ ọlọ́mọ. Ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, àwọn jórinjórin méjì dì í mú, ó bọ́ kóòtù funfun sílẹ̀ fún wọn, bíróò mẹ́fà fọ́n ká, ó gun òkè lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba. Ó wẹ̀yìn, kò rí máṣíìnì mọ́. Takisí kan dúró létí títì, ó ṣí i, ó bọ́ sẹ́yìn, ó ní kí awakọ̀ gbé òun lọ sí Mólété kíákíá.

Awakọ̀ kò ṣíná. Ó wo dígí, ó rí tẹlifóònù lórí itan oníbàárà rẹ̀.

"Ṣé Mẹ́kà lẹ fẹ́ pè ni, Injiníà?"

Eyín funfun yẹn ni Injiníà kọ́kọ́ dá mọ̀; Àkíbù ti wakọ̀ gba ọ̀nà mìíràn ṣíwájú rẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú, àmọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ Àkíbù kì í ṣí láti inú. Gbogbo ará Ìbàdàn tó bá ti wọ̀ ọ́ ló mọ̀. Kò pẹ́, Sájẹ́ǹtì yọ lórí òkè, òógùn ti bò ó. Ó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó nawọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó tún fà á padà.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ mí ná," ló wí.

Àkíbù àti alápatà méjì sọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló tó mú un.

Ní àgọ́, obìnrin náà jẹ́wọ́ kí wọ́n tó fún un ní ìjókòó. Felicia lorúkọ rẹ̀, ó ti ṣe eré orí ìtàgé rí.

"Ta ló kọ́ ọ lóhun tí ò ń sọ?" ni Sájẹ́ǹtì bi í.

"Ìwé ni mo ń kà, sà. Mo sọ fún un pé ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ó ní ta ló máa kíyè sí i."

Injiníà wo ilẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò fojú kan sátẹ́láìtì rí, pé ọ̀dọ̀ oníbàtà ní Ọjà'ba lòun ti ń ṣa páálí bàtà tí òun ń gé ṣe káàdì. Wọ́n ṣí yàrá rẹ̀, wọ́n bá máṣíìnì àkọ́kọ́ Sàídì, fáànù, rédíò àti àgbò méjì tó ń jẹ fọ́ọ̀mù. Ìdílé mẹ́ta mìíràn ti gbọ́ ẹkún ọsibítù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn gbọ́ pé aláìsàn wọn kò ṣàìsàn. Ijó tí wọ́n jó níwájú àgọ́ kò jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá.

Kúlúsúmù nìkan ni kò jó. Ó gba máṣíìnì méjèèjì, ó dúpẹ́, ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ohùn èké ti dákẹ́, òun kò sì tíì gbọ́ òótọ́.

Ní Ọjọ́rú, Alhaji Gàníyù ará Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó bá ọkọ̀ òfúrufú àkọ́kọ́ dé, ya ilé wọn. Ó fún ìyá ní omi sámúsámù àti kásẹ́ẹ̀tì kan, ó ní Kúbúrá ló sọ̀rọ̀ sí i, ara rẹ̀ le bí òkúta. Sàídì kì í bọ rédíò. Kò sí ṣààà kankan.

Kúbúrá kí ìyá, ó kí olówó orí rẹ̀, ó ní òun ti ra abẹ́rẹ́ máṣíìnì méjìlá fún un. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bínú pé òun kò pè. "Mo fi káàdì yẹn han ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ tẹlifóònù. Ó wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó mirí. Ó tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọn kò gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Kúlúsúmù ní kí wọ́n dá a padà. Sàídì dá a padà.

"Eyínfúnjowó," ni ohùn náà wí, "ṣé ẹ ń bá mi gbé Màmá lọ kírun Jímọ̀?"

Àkíbù, ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kúnlẹ̀ níwájú rédíò.

"Mò ń gbé wọn lọ, ìyàwó wa," ló dá a lóhùn, ìyá rẹ̀ sì fi gèlè nu ojú.