Ilẹ̀kùn Tí A Kì Í Ṣí

Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ń lọ dáadáa ní yàrá àyẹ̀wò fún ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aránṣọ. Ó ti fi ìda di awọ inú etí òkú kan tí ẹbí rẹ̀ yọ̀ǹda fún ẹ̀kọ́. Ó ti rẹ́ ẹ títí ó fi fẹ́lẹ́ débi pé èémí lásán lè gbé e lọ, ó sì ti fi aró pupa àti àlùkò kùn ún. Ó wá fi ojú lé maikirosikópù, awò tí ń sọ ohun tíńtín di ńlá. Ìpele mẹ́ta ló rí. Ti òde dà bí awọ ara, ti inú lọ́hùn-ún sì ní ọ̀rinrin bí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àárín ni agbára wà: àwọn okùn tín-ín-rín kan nà láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí sípókù kẹ̀kẹ́, àwọn mìíràn sì yí wọn po bí ẹní tí wọ́n hun. Ọmọ aránṣọ kúkú mọ ohun tí wọ́n hun dáadáa tó bá rí i.

Nígbà ìsinmi, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù bó ti máa ń ṣe.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Hàlóò! Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi omi sẹ́nu! Tó bá jẹ́ ọmọ mi lẹ ń wá, kò sí nílé. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń wo etí."

Ọmọbìnrin náà gbé fóònù sílẹ̀. Ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sílé.

Ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ ti kán, irin ń lu irin gbàgà-gbàgà, ìyá ṣì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú ti gbẹ mọ́ etí gèlè rẹ̀. Ọmọ fi ọwọ́ béèrè pé kí ló fi sí etí. Ìyá fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú ìgò kékeré kan jáde.

Ojú ara rẹ̀ ni ọmọ rí lára ìgò náà, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá maikirosikópù. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè: ṢÍ ILẸ̀KÙN ETÍ RẸ.

"Etí ló ń dí mi, ni mo bá rọ òògùn ẹ sí méjèèjì. Ó dáa," ìyá pariwo. "Ó kàn ń ta bí iná ni. Mo ní èyí tó bá ń ta ló ń ṣiṣẹ́!"

Ìgbà yẹn ni ọmọ rántí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí àdúgbò ń pè ní Ẹlẹ́nu-oyin, ti wá kí i níbi iṣẹ́ nígbà kan. Ó béèrè ohun tó ń wò, àbúrò sì ṣàlàyé pé awọ yìí ni ilẹ̀kùn etí. Ẹ̀gbọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ó ní kí Màmá lè rí i.

Ó gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ dókítà elétí. Dókítà fi iná wo etí ọ̀tún pẹ́, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá etí yìí ti tú ọyún rí.

"Nígbà èwe wọn," ni ọmọ dáhùn.

"Awọ ibẹ̀ já nígbà náà, ó sì jiná. Ṣùgbọ́n ojú àpá kì í sábà ní okùn àárín mọ́. Ó máa ń fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Nǹkan tó ń jó ni wọ́n rọ sínú ìgò yìí. Ó jó àpá náà lu, ó sì ṣàn dé ibi tí a ti ń gba ohùn. A lè lẹ awọ, àmọ́ ohun tó kú lọ́hùn-ún kì í jí."

"Ti òsì ńkọ́?"

"Ìdọ̀tí etí ló gbà á là. Ó dí ibẹ̀ pa, òògùn ò ráyè kọjá. Mo ti yọ ọ́, wọ́n á fi ìyẹn gbọ́ràn. Ká ní ẹ tètè gbé wọn wá ni, ìdọ̀tí yẹn nìkan là bá yọ, kí wọ́n máa lọ sílé wọn."

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tajà, láàárín páálí òògùn etí náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú ìgò yìí?"

"Òògùn etí. Ṣé o ò mọ̀wé kà mọ́ ni?"

"Ta ló pò ó?"

"Ọkùnrin kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ó mọṣẹ́."

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ẹlẹ́nu-oyin bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni! Àbí kí ni ojú ẹ ń wá níbẹ̀? Mo sọ ẹ́ di gbajúmọ̀, o ò tiẹ̀ dúpẹ́."

"Etí ọ̀tún Màmá ò gbọ́ràn mọ́."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo fún wọn. Wọ́n rí ojú ẹ ni wọ́n gbé e. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, àmọ́..."

"Àmọ́ kí ni?"

"Wọ́n ń fi han àwọn oníbàárà wọn. Ọjà ń yá."

Àbúrò dúró, kò lè jókòó. "Ilẹ̀kùn tí mo wí yẹn, títì ni iṣẹ́ ẹ̀. Ohùn ló yẹ kó máa kàn án, kì í ṣe omi. Ẹ mọ̀ pé ìgò yẹn ò dáa, ẹ sì ń wo Màmá níran."

"Ọmọ ìyá ẹ ni mí o. Má fi mí sùn."

"Ṣé ọmọ ìyá mi kọ́ lẹ jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ fi ojú mi di ìyá wa létí?"

Ó gbé ìgò náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń yẹ òògùn wò. Ó sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun lòun jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò níbi tí kò yẹ; wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná. Wọ́n kó àwọn páálí, wọ́n mú Ẹlẹ́nu-oyin àti ọkùnrin ẹ̀yìn ibùdókọ̀, ẹjọ́ wọn wà ní kóòtù. Àwọn ìgò tí wọ́n ti tà, ta ló mọ ilé tí wọ́n wà?

Ìyá ti padà sídìí ẹ̀rọ. Bí oníbàárà bá wọlé, á kọ etí òsì sí i. Bí ọmọ rẹ̀ bá wọlé, etí ọ̀tún ló ń kọ sí i, èyí tó kú. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà rìn yíká àga, ó kúnlẹ̀ ní apá òsì.

"Màmá, èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Ìyá ò gbójú sókè. "Mo mọ̀. Àmọ́ ojú ẹ ni mo rí. Tó bá jẹ́ ojú ẹ̀gbọ́n ẹ ni, ǹ bá ti béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí etí bá ń dí yín, tó ń ro yín, tàbí tó ń tú omi, ẹ má rọ ohunkóhun sí i, ẹ má sì ti igi tàbí irin bọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n fi iná wo inú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé òògùn wá, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ àti àwọn tó fọwọ́ sí i, ìbáà ṣe ojú ọmọ bíbí inú yín ló wà lára ìgò. Ìfẹ́ kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ béèrè nígbà tí ẹ ṣì lè gbọ́ èsì.