Oúnjẹ Alẹ́ ní Kuala Lumpur

Nusaybah kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà Bàbá Theophilus, ó kí i, ó béèrè àlàáfíà ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, lẹ́yìn náà ló wá pa irọ́ tó torí rẹ̀ wá.

"Bàbá, a ń rìnrìn àjò o. Kuala Lumpur, ní Malaysia, ọ̀dọ̀ Brother Habeeb. Gbogbo wa la jọ ń lọ, àti Grandma. Mummy ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà àtimáa pe fóònù láàárọ̀ títí a ó fi dé."

"Àlájà tí orúnkún ò jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Rye Lane, òun náà ló fẹ́ wọ bàálù?" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ó dáa. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹ bá mi kí Habeeb o. Sọ fún ìyá rẹ pé kọ́kọ́rọ́ yín ń bẹ lọ́wọ́ mi digbí."

"Ẹ ṣé, sir. God bless you, sir."

Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó sì wọlé tiwọn. Ilé wọn kò jìnnà. Ilẹ̀kùn tó tẹ̀ lé ti Bàbá ni, ní àjà kẹta ilé ìjọba kan lẹ́yìn Rye Lane ní Peckham, ògiri tó sì pín yàrá Bàbá níyà sí yàrá ìyá àgbà Nusaybah, Àlájà Àìṣát, kò nípọn rárá.

Bàbá Theophilus ti wà ní London láti ayé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń kó akẹ́kọ̀ọ́ bọ̀ láti Èkó. Ó ṣe akọ̀wé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sin ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń dá gbé. Onígbàgbọ́ ni, Mùsùlùmí ni Àlájà, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí Bàbá kì í pe fóònù rẹ̀. "Àlájà, ẹ jíire bí?" "A jíire, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ara yín le?" Ó tán. Bí fóònù bá dún títí tí Àlájà kò gbé e, tàbí tí Bàbá bá gbọ́ ohun tí kò yé e láti ara ògiri, á mú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀, á sì wá wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá Àlájà fínra, ọmọ rẹ̀ Mìsítúrà, ìyá Nusaybah, sì máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ìkíni yẹn kì í ṣe ìkíni ẹnu lásán. Òun ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀mí Àlájà. Nusaybah mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kì í ṣe ọmọdé.

Kí ló wá sún un dé ìdí irọ́? Ìtìjú ni. Lóòótọ́ ni ìyá rẹ̀ ti ṣèlérí pé nígbà ìsinmi iléèwé, àwọn máa lọ wo Habeebullah, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Kuala Lumpur. Nusaybah kò sì lè pa á mọ́ra. Ó fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì. Ó ní òun máa gun ilé gogoro méjì tí wọ́n so pọ̀ bí ìbejì, òun máa ra aṣọ bàtíìkì, òun máa jẹ ẹran orí igi ní òpópónà tí wọ́n ti ń yan án. Ìgbà tí wọ́n wá dín shift ìyá rẹ̀ kù níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò wọmi. Mìsítúrà bẹ̀ ẹ́, ó ní kó fi sùúrù ṣe é, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, wọ́n ti kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tọ́lá, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ti sọ pé kó ra ìborùn bọ̀ fún òun. Tọ́lá yìí, ọmọ ọmọ Bàbá Theophilus ni, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà gan-an ló sì fẹ́ lo ìsinmi náà.

Ẹ wá rí i bí irọ́ kan ṣe ń bímọ. Bí Bàbá bá ń pe Àlájà láàárọ̀, Tọ́lá á mọ̀ pé wọn ò lọ síbì kankan. Ìyẹn ni Nusaybah ṣe lọ kúnlẹ̀. Kí Àlájà náà má sì pe Bàbá, ó sọ fún un pé Bàbá ti lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Kennington, ibẹ̀ ló sì máa wà fún ìgbà díẹ̀. Ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Ó ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ nínú ilé ìyá rẹ̀.

Habeebullah, ọmọ dáadáa, kò mọ nǹkan kan. Àánú àbúrò rẹ̀ tí kò rí ìrìn àjò náà lọ ló ṣe é, ló bá ń ya fídíò kiri ìlú, ó ń fi ránṣẹ́. Ó ya àtẹ̀gùn aláràbarà tó lọ sínú ihò àpáta, níbi tí ọ̀bọ ti já bísíkíìtì gbà lọ́wọ́ obìnrin kan. Ó ya ọjà tí wọ́n ti ń ta bàtíìkì, mọ́ṣáláṣí tó wà níbi tí odò méjì ti pàdé, àti èéfín ẹran yíyan ní òpópónà oúnjẹ. Gbogbo rẹ̀ ni Nusaybah ń gbé sí ojú òpó rẹ̀ bí ẹni pé òun ló yà á. Aago Malaysia fi wákàtí méje ṣíwájú ti London, ó sì ń ṣọ́ èyí náà. Ọ̀sán gangan ní Peckham ló máa ń gbé àwòrán ilé gogoro tó tan iná lálẹ́ síta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo. Inú rẹ̀ ń dùn, a ò gbọdọ̀ purọ́, inú rẹ̀ ń dùn gan-an.

Àfi ìgbà tí Tọ́lá kọ̀wé sí i pé: "Fam, where's your face though? Ojú ẹ ò sí nínú any of them."

Nusaybah kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ ti lọ, ó ti kìlọ̀ fún un bó ṣe máa ń kìlọ̀: "Má fi ìyá mi sílẹ̀ ní òun nìkan o." Nusaybah wọ aṣọ tó dára jù, ó gbé tíì lọ fún Àlájà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ń gbọ́ rédíò nílé ẹ̀gbọ́n mi," Àlájà wí. "Ṣé wọ́n ti dé ni?"

"Rárá, Grandma. Wọ́n gbàgbé láti pa á ni."

"Hùn. Orí ń fọ́ mi lónìí, ọmọ mi. Apá mi yìí sì ń kú tìpìrì."

"Ẹ lo paracetamol, Grandma. Mo fẹ́ ra nǹkan ní Rye Lane, now now ni mo máa dé."

Ó yọjú wo ìta kí Tọ́lá má baà rí i, ó fa fìlà kóòtù bojú, ó sì sọ̀kalẹ̀. Kì í ṣe Rye Lane ló lọ. Ó lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road, ó kọjá odò sí òdìkejì ìlú, sí ilé oúnjẹ àwọn ará Malaysia kan tó ti rí lórí fóònù. Wọ́n kun àwòrán ilé gogoro méjèèjì sí ara ògiri ibẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè wá fún un, pẹ̀lú ẹyin, ẹ̀pà, ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ àti ata tó dùn tó sì ta. Ó jókòó síwájú ògiri náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ya ara rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé oúnjẹ alẹ́ ní Kuala Lumpur. Kíá ni Tọ́lá ti fèsì: "Okay okay, mo gbà fún ẹ!"

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó jẹun tán, kò kánjú. Ó ya ṣọ́ọ̀bù kan, ó wo ìborùn títí ó fi rí èyí tó lè pè ní ti Malaysia. Òjò dé, ó dúró kó dá. Nígbà tó fi dé Peckham, ọjọ́ ti ń rọ̀.

"Grandma, mo ti dé o."

Ó ṣílẹ̀kùn yàrá. Àlájà wà nílẹ̀, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ há sábẹ́ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ òsì. Ó ti fi lu ògiri títí ọ̀dà fi bó níbẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo Nusaybah.

Nusaybah pe áńbúláǹsì, ó sì pe ìyá rẹ̀. Àní nínú ìpayà yẹn, irọ́ ló tún kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu: "Mummy, mo wà ní pálọ̀, earpiece wà létí mi, mi ò gbọ́!" Bí wọ́n ṣe ń gbé Àlájà jáde, Bàbá Theophilus ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú Tọ́lá lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ẹni tó wà lórí ibùsùn náà, ó sì wo Nusaybah.

Ní ilé-ìwòsàn, dókítà ṣàlàyé pé rọpárọsẹ̀ ni. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè gbé aláìsàn dé nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Mìsítúrà jókòó nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sunkún, ó kàn ń wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Theophilus bá wọn, ó ń fi ọ̀pá rìn.

"Mìsítúrà, mo gbọ́ ìyá rẹ," ni Bàbá wí. "Mo gbọ́ ọ níbi ògiri, gbì, gbì. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn yín. Tọ́lá ní, 'Grandpa, wọn ò sí nílé, ẹ wò ó, wọ́n ń jẹ dinner lọ́wọ́ ní Malaysia,' ó fi àwòrán hàn mí. Mo ní á jẹ́ pé omi inú páìpù ló ń dún. Mo bá lọ jókòó."

"Malaysia kẹ̀? Ta ló lọ Malaysia, Bàbá?"

"Ẹ̀yin náà ni. Nusaybah ló wá sọ fún mi."

Mìsítúrà gbójú sókè, ó sì wò ó tàánútàánú. "Bàbá, Habeeb ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ láti Malaysia. Ẹ ti da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ọjọ́ orí ni, kì í ṣe ẹ̀bi yín."

Bàbá fọwọ́ pa iwájú orí. "Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá ọpọlọ mi ti ń lọ." Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un.

Nusaybah rí ọ̀nà àbáyọ níwájú rẹ̀, ó là gbalaja. Kó ṣáà dákẹ́. Bàbá á gbà pé arúgbó ti ń ṣe òun, gbogbo ènìyàn á gbà, ọ̀ràn á sì tán lọ́rùn òun. Ó wo ọ̀pá Bàbá tó wà nílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ò gbà á.

"Mummy, òótọ́ ni Bàbá ń sọ," ó wí. "Èmi ni. Èmi ni mo sọ fún wọn pé a ti lọ. Mi ò sí nílé lónìí. Mo lọ ya picture yẹn." Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ìkankan pamọ́.

Mìsítúrà kò lù ú, kò sì bú u. Ó kàn kúrò lórí àga, ó jókòó sórí ilẹ̀ ilé-ìwòsàn bí ẹni tí wọ́n já okùn rẹ̀, ó sì ké "Yéè, ìyá mi!" Bàbá Theophilus ní, "Ọpẹ́ ni pé orí mi ṣì pé," ó sì bú sẹ́kún.

Àlájà kò kú. Wọ́n gbé e padà sílé lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ahọ́n rẹ̀ kò sì gbé ọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Nusaybah fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Nusaybah sọ òtítọ́ fún Tọ́lá. Tọ́lá gbọ́ ọ tán, ó yí ẹ̀yìn padà, wọn ò sì jọ sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, Habeebullah ti Kuala Lumpur dé. Ó ra aṣọ bàtíìkì aláwọ̀ ewé bọ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà. Ó tẹ́ ẹ sí i lẹ́sẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí àdúrà tí gbogbo ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn dé máa ń retí. Àlájà gbé ọwọ́ òsì lé e lórí. Ó la ẹnu. Ohùn kan jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó tún gbìyànjú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Habeebullah kò dìde. "Àmín, Grandma," ó ń wí. "Àmín. Àmín." Nusaybah ò lè wò ó, ó sá wọ kíṣìnì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń ka ìtàn yìí, kò sí ẹni tí ojú kì í tì. Ká ní Nusaybah ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "A ò lọ mọ́," wọn ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọ̀sán, wọn ì bá sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í yan ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Àwọn tí a fẹ́ tàn á gbà á gbọ́, àwọn tó ń ṣọ́ wa náà á gbà á gbọ́, wọn á sì dá kọ́kọ́rọ́ padà sórí ìṣó, wọn á lọ jókòó.