Agogo Gáàsì Tí Verlin Fa Wáyà Rẹ̀ Nítorí Bọ́tà

Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni Verlin Stauffer ti ń fọ ọkọ̀-ilé rẹ̀. Ọkọ̀ gàgàrà ni, tó ní bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti sítóòfù gáàsì lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Ní ìlú kékeré wọn ní Nebraska, kò sí aládùúgbò tí kò tíì wọ inú rẹ̀ wò. Kódà pásítọ̀ ti jókòó lórí tọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun á gbà ni.

Gbogbo ayé Verlin ló fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé, ojú ọ̀nà kan náà, láàárín oko àgbàdo kan náà. LaVonne, aya rẹ̀, kò rí òkun rí. Láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí Verlin ló ti ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ tí òun bá fẹ̀yìn tì, àwọn á wa ọkọ̀ títí ilẹ̀ á fi tán.

Ẹnì kẹta tó ń bá wọn lọ ni ajá wọn, Bọ́tà. Àwọ̀ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà débi pé fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọnú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù kankan.

Agogo gáàsì nìkan ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀rọ kékeré ni, wọ́n kàn án mọ́ ògiri nítòsí ilẹ̀, kó lè pariwo bí gáàsì bá ń jò. Ibẹ̀ gan-an ni Bọ́tà yàn láti máa sùn, tó kọ ìdí sí i. Lọ́jọ́ kan ajá náà só, agogo han gooro. Verlin àti LaVonne rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n Bọ́tà sá wọ abẹ́ tábìlì, ó ń gbọ̀n. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, LaVonne kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Verlin, wá nǹkan ṣe sí ẹ̀rọ yẹn. Ṣé bí ọmọ mi ṣe máa gbọ̀n dé òkun nìyí?"

"Ìwọ náà lò ń fún un ní ẹyin láràárọ̀."

"Ẹyin ló ń mú irun rẹ̀ dán. Ìwọ gan-an ló yẹ kí n máa fún, bóyá tìẹ á padà hù."

Verlin kúnlẹ̀, ó fa wáyà agogo náà yọ. Inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Bọ́tà jáde lábẹ́ tábìlì, ó lá a lójú.

Nígbà tó di àárọ̀ ìrìn àjò, oòrùn yọ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Àwọn aládùúgbò jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, ife kọfí lọ́wọ́. Ẹnì kan ti so bàlúù mọ́ dígí ọkọ̀. LaVonne gbé àwo sọ́séèjì sórí sítóòfù, ó ti Bọ́tà mọ́nú ọkọ̀ kó má baà sáré kiri, ó sì padà wọlé lọ ti fèrèsé. Ẹnu sílíńdà gáàsì wà ní ṣíṣí, kí fíríìjì lè máa tutù lójú ọ̀nà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe. Verlin ń yí ọkọ̀ ká, ó ń fẹsẹ̀ ta táyà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ra ẹṣin.

Corinne tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé, torí òun ni yóò máa bu omi rin tòmátì wọn. Ọ̀kan nínú àwọn panápaná tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún ìlú náà ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó lè kí Bọ́tà pé ó dàbọ̀. Ó fa orí sẹ́yìn.

"Bàbá Verlin, kí ló ń rùn báyìí?"

Verlin ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn awakọ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Imú rẹ̀ kì í gbọ́ òórùn mọ́ láti ìgbà tí ọ̀fìnkìn burúkú kan ti dá a dùbúlẹ̀. "Bọ́tà ni. Má bínú sí i, ẹyin ló jẹ."

Corinne kò rẹ́rìn-ín. "Ajá kì í só kó máa dún ṣìììì. Agogo yín ńkọ́?"

"Mo ti fa wáyà rẹ̀."

"Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ yẹn síbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má tan nǹkan kan, ẹ má fọwọ́ kan fóònù."

Ìgbà tí Verlin dé ẹnu ọ̀nà ló tó rí i. Àwo sọ́séèjì wà nílẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ẹsẹ̀ tí Bọ́tà fi gun sítóòfù láti dé ìdí ẹran ti yí bọ́tìnnì iná sí ṣíṣí. Ajá náà dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó gbórí lé bọ́ọ̀lù rẹ̀, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ là.

Verlin fẹ́ sáré wọlé. Corinne gbá bẹ́líìtì rẹ̀ mú. "Rárá. Iná kékeré báyìí, ọkọ̀ á gbiná mọ́ yín lára. Ẹ dúró síta, kẹ́ ẹ pè é. Ohùn yín ló mọ̀." Ó sáré yí lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ti ẹnu sílíńdà pa.

"Bọ́tà," ni Verlin pè. Ìrù ajá náà mì lẹ́ẹ̀kan. Kò dìde. "Bọ́tà, wá, ọmọ dáadáa."

LaVonne jáde nílé, ìrọ̀rí wà ní abíyá rẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó kàn pe ohun tó ń pè láràárọ̀ ni.

"Bọ́tà, ẹyin!"

Ajá náà gbórí sókè. Ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó sì já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn sọ́wọ́ Verlin. Verlin gbé e sáré lọ sábẹ́ igi lódìkejì títì. Bọ́tà mí, ó tún mí, ó sì bi gbogbo sọ́séèjì sórí bàtà tuntun tí Verlin rà fún ìrìn àjò. Kò sẹ́ni tínú rẹ̀ dùn sí èébì tó bẹ́ẹ̀ rí.

Corinne kó gbogbo èèyàn jìnnà, ó wá pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé tó wà lókèèrè. Nígbà tí atẹ́gùn ti fẹ́ ọkọ̀ mọ́, ó jókòó ti àwọn méjèèjì.

"Ẹ ò fẹ́ kí ajá gbọ̀n, ẹ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó má mí mọ́. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kan agogo sísàlẹ̀. Ibi tí Bọ́tà sì ń sùn nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n ìsó ló ń mú un pariwo," ni Verlin sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kó pariwo lásán lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ gbé ibùsùn ajá kúrò níbẹ̀. Ẹ ti ẹnu sílíńdà kí táyà tó yí. Fíríìjì tẹ́ ẹ ò bá ń ṣí ṣáá á tutù dé ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Àwọn bọ́tìnnì sítóòfù yẹn náà, ẹ máa fà wọ́n yọ sínú dúrọ́ọ̀ tẹ́ ẹ bá sè tán."

Dókítà ẹran wo Bọ́tà, ó ní ara rẹ̀ yá. Oníṣẹ́ gáàsì yẹ ọkọ̀ náà wò, ó sì so agogo tuntun. Lọ́jọ́ kejì, àwọn aládùúgbò tún jáde pẹ̀lú ife kọfí wọn, wọ́n dágbére lákọ̀tun, ọkọ̀-ilé sì fọn fèrè jáde nílùú.

Ní Wyoming, níbi tí òkè ti jókòó sí ojú sánmà, agogo han gooro bí wọ́n ti ń jẹun alẹ́. Verlin fò dìde. Ó di Bọ́tà mú lọ́rùn, LaVonne tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán lẹ́sẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí gbayawu. Verlin yẹ ẹnu sílíńdà wò. Títì pa ni. Wọ́n dúró sínú koríko títí agogo fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Bọ́tà wá ń wo ibòmíràn.

"Ṣé ẹyin ni?" ni LaVonne béèrè.

"Ẹyin ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Oòrùn ń wọ̀ lórí àwọn òkè náà, nítorí náà wọn ò yára padà wọlé. Wọ́n sì dé òkun. Bọ́tà gbó mọ́ ọn títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ó ti pẹ́ gan-an. Ajá náà darúgbó, ó sì ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáná gáàsì, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀, ìbáà ṣe nínú yàrá, ẹ má ṣe pa agogo tó ń ṣọ́ yín lẹ́nu mọ́ torí pé ó ń yọ yín lẹ́nu. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ má tan iná, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ẹ má fi fóònù pe ẹnikẹ́ni nínú ibẹ̀. Ẹ jáde, kí gbogbo ẹlẹ́mìí jáde, ẹ ti sílíńdà bó bá wà níta, kẹ́ ẹ wá pe panápaná láti òkèèrè. Ó sàn kí a dúró síta pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìsó ajá ju kí á má rí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín rẹ̀ lọ.