Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ló Ṣe É

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, lójú obìnrin náà ni ọkùnrin náà ti fi hẹlikópítà já lulẹ̀.

Kì í ṣe hẹlikópítà gidi o. Àpótí ìdánrawò ni: yàrá kékeré kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́fà nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ìjókòó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ìwakọ̀ wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì ń fi òkun àti ìkùukùu hàn bí ẹni pé òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ òfúrufú ti ń kọ́ bí wọ́n á ṣe yọ nínú ewu kí ewu tó dé. Obìnrin náà ni olùkọ́ wọn. Ọ̀gá Àpótí ni wọ́n ń pè é.

Ọkùnrin náà jáde, òógùn bò ó. Ó ga débi pé ó forí gbá ilẹ̀kùn. Agùntáṣọọ́lò ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá," ó ní, "ènìyàn mélòó ni mo pa?"

"Ẹ pa ara yín, ẹ pa èrò mẹ́rin, ẹ sì tún pa èmi tí mo jókòó sẹ́yìn yín."

"Áà! Ẹ jẹ́ kí n wá omi tútù fún òkú yín, bóyá inú rẹ̀ á yọ́ sí mi."

Obìnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọdún tó yí po, "ẹ" ti di "o", "Ọ̀gá" ti di "olólùfẹ́ mi", ọkùnrin náà sì ti ní òun fẹ́ kí ìyá òun rí i.

Ọjọ́ tí ìyá náà máa dé bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò Agùntáṣọọ́lò. Èyí tó le jù ló kù: abẹ̀bẹ̀ ìrù. Bí abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà ní ìrù bá kọṣẹ́, hẹlikópítà á máa pòòyì bí òkòtó. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú òfúrufú, kó jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn kì í fẹ́ ṣe é. Ta ni yóò máa já bọ́, tí yóò tún paná ẹ́ńjìnnì? Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí awakọ̀ ṣe é yege lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Agùntáṣọọ́lò ṣe é, ó sì já lulẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká lọ," ó ní. "Màmá ti ń dúró láti aago mẹ́ta. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, ó rẹ̀ mí ni."

Obìnrin náà wo aago. Ó wo ojú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó yege lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì buwọ́ lù ú. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú jáde. Ìyá ọkọ fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pè é ní ọmọ mi.

Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, abẹ̀bẹ̀ ìrù hẹlikópítà gidi kọṣẹ́ lọ́wọ́ Agùntáṣọọ́lò, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mẹ́rin lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ gan. Awakọ̀ àgbà tó jókòó tì í, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, kígbe pé, "Pa á! Pa á!" Kò lè pa á. Ẹ̀gbọ́n ló na ọwọ́ kọjá láyà rẹ̀, tó pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fara gbálẹ̀ gidigidi. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n kán síbi méjì.

Àwọn olùwádìí dé. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n rí i pé awakọ̀ ti yege lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n bi Agùntáṣọọ́lò léèrè.

"Olùkọ́ mi kọ́ mi dáadáa," ó ní. "Èmi ni ojo. Ẹ̀rù ló bà mí."

Obìnrin náà wà níbẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú tì í débi pé kò lè wo dígí. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń pe ọkùnrin náà ní Ọwọ́-gan. Obìnrin náà rèé, tí wọ́n ń yìn pé ìwé rẹ̀ mọ́. Nígbà tó lọ wò ó nílé, ó kàn sunkún.

"Kí ló dé tó o fi bo àṣírí mi?"

"Ẹnu tèmi ló ní ká máa lọ," ọkùnrin náà fèsì. "Ó tó kí ojú ti ẹnì kan nínú wa."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni obìnrin náà fi dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó lọ bá bàbá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ irin, ó sì jẹ́wọ́ fún un. Ìka mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá náà. Ó gbé ọwọ́ náà sókè.

"Ọmọ mi, ẹnì kan ló buwọ́ lùwé pé òun ti yẹ ẹ̀rọ tó gé ìka mi wò. Kò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ̀. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Ogún ọdún rèé tá a ti ń kíra wa. Tó bá ti rí mi báyìí, ojú ọ̀nà ló máa ń wò."

"Kí ni kí n ṣe, Bàbá?"

"Má wo ojú ọ̀nà."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo òṣìṣẹ́ pé jọ sí ìpàdé ààbò. Obìnrin náà dìde. "Awakọ̀ yìí kì í ṣe ojo. Ẹ̀ẹ̀kan ló ṣe é, ó sì já. Èmi ni mo kọ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Irọ́ ni mo pa, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ tètè lọ kí ìyá rẹ̀." Agùntáṣọọ́lò dorí kodò, omi ń dà lójú rẹ̀.

Wọ́n gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà fún ọdún kan, wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń pín akoto àti ìbotí tó ń dí ariwo ẹ́ńjìnnì. Wọ́n dá ọkùnrin náà padà sínú àpótí, lọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn.

Ìyá ọkọ gbọ́. Oṣù mẹ́ta ni kò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ obìnrin náà sétí. "Ó kọ̀wé pé ọmọ mi mọ odò ó wẹ̀, ó sì tì í sódò," ló ń wí. Ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ìgbà tó yá ló wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá síbi tí obìnrin náà ti ń nu akoto.

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú. Inú mi ò tíì rọ̀," ìyá náà ní. "Àmọ́ ọmọ mi ní òun náà jẹ̀bi, kò sì jẹun dáadáa mọ́. Wá sílé lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo bá ń bínú, wàá rí i lójú mi. N kò ní fi pa mọ́ fún ẹ."

"Mo máa wá, Màmá."

Ó lọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó sì lọ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú mìíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyá náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ mi.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Ẹ̀gbọ́n wọlé tòun tọ̀pá, ó ń tiro. Ìtìjú tún gun ìyàwó lórí; ó fi ìjókòó sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Ẹ̀gbọ́n tòun taṣọ funfun.

"Dìde, ìyàwó," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, kì í ṣe etí. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó o sọ níwájú wọn."

Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ó kàn na apá sí i. Ìyàwó dìde, ó di apá náà mú ṣinṣin, wọ́n sì jọ ń rọra rìn lọ síwájú, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń gbé ìjókòó bọ̀.