Lẹ́tà Ogójì, Ọwọ́ Kan

Ìsìlámíyátù gbé bírò sí ọwọ́ òsì, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kẹtàlélógún. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń kọ ti àwọn arúgbó, kí ìlà rẹ̀ lè máa gbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti oníṣòwò, ọ̀kan á dúró ṣánṣán, èkejì á máa sáré.

Mùsíyé Timothy dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ́fíìsì tútù kan nítòsí ebúté Lomé, ó ń fi ìka na táì rẹ̀.

"Très bien, ó dára gan-an, ọmọ ìyá mi! Ìwọ nìkan ti di odidi ìlú!"

Ilé-iṣẹ́ Okéanor ni Timothy ń bá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ Okéanor ni láti máa kó ìdọ̀tí olóró àwọn ará òkè òkun wá sí Áfíríkà nínú àgbá. Ọdún 1991 ni, nígbà tí ìlú pe àpérò ńlá láti tún ìjọba tò. Etí gbogbo ènìyàn wà lẹ́nu rédíò, ohun tí wọ́n ti gbé mì láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ń pọ̀ síta. Ohùn ará ìlú wá di ohun iyebíye. Lásìkò náà gan-an ni àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ń bọ̀ láti òkè òkun, láti wá kọ òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè tálákà gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó rí ìrànwọ́. Okéanor fẹ́ kí ìlà kan wà nínú òfin náà: orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ ti ebúté rẹ̀ mọ́ àgbá ìdọ̀tí. Àwọn àlejò ní àwọn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ará ìlú. Okéanor kò lọ bá ará ìlú. Ó pinnu láti ṣe ará ìlú tirẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ìsìlámíyátù. Ìyá rẹ̀, Àṣàbí, ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato. Nídìí àtẹ ìyá rẹ̀ ló ti ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà ní Faransé. Ìyanṣẹ́lódì ti ti ilé-ìwé pa, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ìdánwò yóò wáyé. Timothy ṣèlérí àyè fún un ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Abidjan, bó bá lè kọ lẹ́tà ogójì tí yóò yin àgbá Okéanor.

Kò ṣàì mọ̀ pé àwọn kan ń bá Okéanor jà. Màdáàmù Angèle, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, ló ṣáájú wọn. Tọ́ntọ́n Àjàgbé, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń já ẹrù ní ebúté, wà lára wọn. Mẹ́sàn-án péré ni wọ́n. Màdáàmù ti fi ìwé méjì han gbogbo kíláàsì: àkọsílẹ̀ òfin tí àwọn onímọ̀ náà ń kọ lọ́wọ́, àti lẹ́tà Okéanor sí wọn. Ojú ewé kan bá ara wọn mu, títí dórí àṣìṣe kọ́mà. "Ilé-iṣẹ́ ló ń kọ òfin," ni Màdáàmù wí. "Àwọn wọ̀nyí kàn ń fọwọ́ sí i ni." Ìsìlámíyátù yán. Bàtà Màdáàmù tí wọ́n fi òwú gán ló ń wò. Irú ẹsẹ̀ wo nìyẹn tó fẹ́ bá gbogbo ayé jà?

Nígbà tí orúkọ àròsọ tán lórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ títí ogójì fi pé. Ó kọ ọ̀kan lórúkọ Monique, ẹlẹ́ja etí òkun: "Inú àgbá Okéanor ni mo ń pọn omi mímu sí. Ara àwọn ọmọ mi le koko." Oṣù méjì ṣáájú, òun náà ló bá Monique kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ ní Libreville pé omi inú àgbá bẹ́ẹ̀ ti bó ara àbíkẹ́yìn wọn. Ó rántí. Ó kàn rẹ́rìn-ín sínú ni: ta ló ń ka Faransé létí òkun?

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìwé ìròyìn kan tẹ lẹ́tà mẹ́wàá jáde. Tọ́ntọ́n Àjàgbé gbé e wá sí àtẹ Àṣàbí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ará etí òkun ti da ẹja Monique sínú yanrìn! Wọ́n ní ó ti ta ọmọ rẹ̀ fún Okéanor. Obìnrin náà ń búra pé òun kò kọ nǹkan kan."

Àṣàbí wo ìwé ìròyìn náà, kò lè kà á. Ó wá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì ka ìyẹn dáadáa.

"Ìsìlámíyátù, ṣé ìwọ ni?"

"Màmá... èmi ni."

Kò nà án. Ó ká aṣọ orí àtẹ. "Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Dìde."

Létí òkun, Monique jókòó ti agbada òfìfo. Ìsìlámíyátù kúnlẹ̀. "Dada Monique, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

"Kà á," ni Monique wí.

"Ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí o kà á! Èmi nìkan ni n kò mọ ohun tí mo sọ."

Àwọn obìnrin etí òkun yí wọn ká. Ìsìlámíyátù ka lẹ́tà náà ní Faransé, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Mina. Nígbà tó dé orí "ara àwọn ọmọ mi le koko," àbíkẹ́yìn Monique wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àpá funfun bo apá rẹ̀ méjèèjì.

Monique tutọ́ sílẹ̀. "Mo yá ọ lẹ́nu mi kí o fi kí ọkọ mi ni. O gbé e lọ tà."

Lọ́jọ́ kejì, Màdáàmù Angèle mú Ìsìlámíyátù àti Monique lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn àlejò òkè òkun ti ń gbọ́ ohùn ará ìlú. Timothy ń ka lẹ́tà lọ́wọ́, ó ń fi áńkáṣífù nu ojú tó gbẹ táútáú. Ìsìlámíyátù dìde.

"Èmi ni mo kọ gbogbo wọn."

Timothy rẹ́rìn-ín. "Ibà ló ń ṣe ọmọ yìí."

Ìsìlámíyátù gba ìwé, ó fi ọwọ́ òsì kọ ìlà kan, ó fi ọ̀tún kọ òmíràn, ó sì gbé e síwájú àwọn àlejò. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Timothy. Olórí àwọn onímọ̀ nu awò ojú rẹ̀, ó wo aago. Ó ní lẹ́tà wulẹ̀ jẹ́ àfikún lásán. Ìlà inú òfin yóò wà bẹ́ẹ̀.

"Mùsíyé," ni Màdáàmù Angèle wí, "nígbà tó jẹ́ irọ́, ohùn ìlú ni. Nígbà tí òótọ́ dé, ó di àfikún?"

Ọkùnrin náà yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti gbé kọfí dé.

Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn gbọ́, ìròyìn sì dé ebúté. Nígbà tí ọkọ̀ àgbá dé, Àjàgbé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ káwọ́ gbera, wọn kò já àgbá kankan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ náà fi dúró lójú omi kó tó padà. Ìlà burúkú yẹn kò kúrò nínú òfin. Ó lọ sí òkè òkun, àwọn ẹlòmíràn sì ń bá a jà níbẹ̀.

Abidjan di àlá. Lomé ni Ìsìlámíyátù ti ṣe ìdánwò rẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé ṣí. Monique kò jẹ́ kó bá òun kọ lẹ́tà mọ́. Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó dá ìkíni rẹ̀ lóhùn.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Timothy yọ sí Adawlato pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ ewé tí wọ́n ya igi sí. Okéanor ti dá ẹgbẹ́ olùfẹ́ àyíká sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ.

"Ça va, ọmọ ìyá mi? Ogún lẹ́tà péré ni mo fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí."

Ìsìlámíyátù wò ó láti fìlà dé bàtà, bí ẹni ń wo ẹja tó ti jẹrà. "Mùsíyé, ẹ lọ bá Monique fúnra rẹ̀. Ó lẹ́nu."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀bùn tí a fi ń gbẹnu sọ fún ẹni tí kò lè kọ̀wé kò yẹ ní títà. Ẹni tó bá jí ohùn ọmọnìkejì rẹ̀ ti jí ohun tí olówó kò lè fi owó rẹ̀ rà padà. Ẹni tó sì fi irọ́ ogójì kó ìtìjú bá ìlú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dìde sọ òótọ́ kan ṣoṣo, kódà bí kò bá sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un.